Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ Lọ́dọ̀ Dókítà Oorun

Bí wọ́n bá ní kí àwọn tí ara máa ń fu tò sórí ìlà, Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ ni yóò ṣíwájú, yóò sì máa wẹ̀yìn wo ẹni tó dúró tẹ̀ lé e. Àgádágodo ló ń tún ṣe, kọ́kọ́rọ́ ló ń gé fún ará àdúgbò, síbẹ̀ kì í ti ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ kó má tún padà lọ fà á wò. Ìyàwó rẹ̀ á ní, "Bàbá, ẹ ti tì í o." Á ní òun mọ̀, á sì tún lọ. Ìfura loògùn àgbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ti ọkùnrin yìí ti kọjá oògùn, ó ti di oúnjẹ.

Ikú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé ẹ̀gbọ́n wọ yàrá iṣẹ́ abẹ nítorí ìpá, ìpá lásán, kò sì jáde láàyè. Dókítà ní ara rẹ̀ kọ oògùn oorun tí wọ́n fún un kí wọ́n tó fi abẹ kàn án. Ta ni yóò gba irú ìyẹn gbọ́? Ṣebí ìyàwó ẹ̀gbọ́n ló gbé oúnjẹ fún un lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Ẹbí lé obìnrin náà jáde tòun tọmọbìnrin rẹ̀. Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ ló fọwọ́ ara rẹ̀ pààrọ̀ àgádágodo ẹnu ọ̀nà wọn, ó so òwú pupa mọ́ kọ́kọ́rọ́ náà, ó fi kún ìdì kọ́kọ́rọ́ tó wà ní ìbàdí rẹ̀. Ìwà ìkà ni, àmọ́ ó ṣe é.

Nígbà tó yá, ìpá mú òun náà, ó di ọsibítù. Dókítà tó fẹ́ fún un ní oògùn oorun, obìnrin kan tí kì í pariwo, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

"Bàbá, ṣé ẹnì kan nínú ẹbí yín ti kú rí nígbà tí wọ́n fún un ní oògùn oorun?"

Ara fu ú. Kí ló kan obìnrin yìí nínú òkú ilé wọn? Àbí ìyàwó ẹ̀gbọ́n ló rán an? Ejò lọ́wọ́ nínú.

"Kò sí."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ rò ó dáadáa."

"Mo ní kò sí."

Nọ́ọ̀sì ní kó bọ́ gbogbo irin ara rẹ̀ sílẹ̀. Ó bọ́ aago, ó kọ̀ láti tú ìdì kọ́kọ́rọ́. Ibi tí wọ́n ti ń fa èyí ni ìyàwó rẹ̀ ti wọlé, ìyàwó ẹ̀gbọ́n sì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ṣé obìnrin méjèèjì ti ń kí ara wọn ní bòókẹ́lẹ́ látọjọ́ yìí ni! Lójú Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́, ìyàwó ẹ̀gbọ́n wá parí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ni.

"Adúmáadán," ìyàwó ẹ̀gbọ́n pè é. Orúkọ tó fún un nígbà tó ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó tún fi pè é látìgbà tí wọ́n ti lé obìnrin náà. "Ṣé ẹ ti sọ fún dókítà bí ọkọ mi ṣe kú?"

Obìnrin náà kọjú sí dókítà.

"Ẹnu ọ̀nà ni mo wà lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní bó ṣe fa oògùn yẹn símú, àgbọ̀n rẹ̀ há, ara rẹ̀ le gbagidi, ó gbóná bí áyọ́ọ̀nù, ọkàn rẹ̀ ń sáré títí tó fi dákẹ́. Dókítà ìgbà yẹn ní bí wọ́n bá fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún ẹbí rẹ̀ kankan, kí n sọ. Mo sọ fún wọn nílé. Wọn ò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀."

Dókítà fa àga sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Oògùn oorun máa ń dẹ ẹran ara, ó máa ń dẹ iṣan ẹ̀jẹ̀, ọkàn á sì máa lù wọ́ọ́rọ́wọ́. Bó ṣe ń ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn nìyẹn. Àmọ́ ìdílé kan wà tí irú kan nínú rẹ̀ máa ń ṣòdì sí: ẹran ara á fún pọ̀, á máa jó bí iná. Inú ẹ̀jẹ̀ ló ti ń wá, bàbá. Ká ní mo fún yín ní irú rẹ̀ lónìí..."

Ó ní ẹ̀yìn lòun máa gún un lábẹ́rẹ́ dípò, ìsàlẹ̀ ara nìkan ni yóò kú tipiri. Bí iṣan ẹsẹ̀ bá dẹ̀, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lè wálẹ̀ díẹ̀, àwọn á máa ṣọ́ ọ. Ó ní kí wọ́n sọ fún gbogbo ọmọ ilé, pàápàá ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n.

Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ wá ohun tó tún lè fura sí, kò rí. Ojú tì í débi pé kò lè gbójú sókè.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ wá?" ó bi ìyàwó ẹ̀gbọ́n.

"Ọmọ mi ò ní bàbá mọ́. Ẹ̀yin nìkan ló kù tó lè pè bẹ́ẹ̀."

Nọ́ọ̀sì tún dé. "Bàbá, kọ́kọ́rọ́ yẹn o."

Lọ́tẹ̀ yìí, ó tú u. Nọ́ọ̀sì nawọ́, kò gbé e fún un. Ìyàwó rẹ̀ nawọ́, kò gbé e fún òun náà. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ló nà án sí.

"Èyí tó ní òwú pupa," ó ní, "ti ilẹ̀kùn yín ni."