Kọ́ńtáàtì Tuntun Nínú Agolo Àáfáà

Òórùn pẹtiróòlù ló máa ń jí mi láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé. Á gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, á bá òórùn wàínà tí ìyá Ràbí, aládùúgbò wa, ń dín lẹ́nu ọ̀nà pàdé, màá sì dùbúlẹ̀ síbẹ̀ títí ebi á fi lé mi dìde. Bí mo bá jáde, Bàámi ni màá bá lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, tòun ti síńgílẹ́ẹ̀tì, abọ́ pẹtiróòlù níwájú rẹ̀, alùpùpù rẹ̀ dúró tì í, ìdajì inú rẹ̀ wà nílẹ̀ lórí àpò sìmẹ́ńtì. Àdúgbò Ṣàngó ní Ìlọrin là ń gbé nígbà náà. Igbó ṣì pọ̀ níbẹ̀ ju ilé lọ, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé láàárín ìlú sì máa ń bi wá bóyá Ìlọrin náà ṣì nibẹ̀.

Alùpùpù náà kì í ṣe tuntun. Òyìnbó kan tó ń padà sílùú rẹ̀ ló tà á fún Bàámi, òun náà sì ti rà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Iṣẹ́ ìjọba ni Bàámi ń ṣe nídìí ẹran ọ̀sìn. Láti gáà dé gáà ló ń lọ, níbi táwọn Fúlàní ń gbé, kó lè gún màlúù wọn lábẹ́rẹ́. Ọ̀nà gáà kì í ṣe ọ̀nà ọ̀dà. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú sọ́hùn-ún, ẹsẹ̀ ni èèyàn máa fi rìn wálé.

Àwọn tó kù ládùúgbò tó ní alùpùpù, ìgbà tí nǹkan bá bàjẹ́ ni wọ́n ń tún un ṣe. Bàámi kì í dúró kó bàjẹ́. Plọ́ọ̀gì, wáyà kọ́lọ́ọ̀ṣì, ríngì písítìn, àti kọ́ńtáàtì, ìyẹn irin kékeré tó ń jẹ́ kí iná dé plọ́ọ̀gì: gbogbo ohun tó mọ̀ pé ó máa ń dá èèyàn sọ́nà pátá, wọn ò tíì ṣe ohunkóhun tí á ti ra òmíràn. “Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù,” bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Ilẹ̀ tútù náà sú wa. Bàtà tèmi ní láti lanu kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀. Màámi a máa fi í ṣẹ̀fẹ̀: “Bàbá Fúnmi, èmi náà ti di àlòkù o. Ṣé ẹ ó pààrọ̀ mi kí n tó daṣẹ́ sílẹ̀ ni?” Bàámi á rẹ́rìn-ín díẹ̀, á tún tẹrí ba sídìí abọ́. Lọ́jọ́ kan, èmi náà bi í pé kí ló dé tó fi ń sin ohun tí kò tíì kú. Kò rẹ́rìn-ín sí ìyẹn.

Ó nídìí. Mo ṣì kéré gan-an nígbà tí bàbá rẹ̀ kú nílé wa ní Ọ̀mù-Àrán. Bàámi ni àkọ́bí. Alùpùpù kan tó ti ní ṣáájú èyí ló gùn láti Ìlọrin, àgbádá funfun wà nínú àpò lẹ́yìn rẹ̀. Kọ́ńtáàtì jó mọ́ ọn lọ́wọ́ nígbà tó kọjá Ìdọ̀fìán. Ó tú u, ó fọ̀ ọ́, ó tì í gun òkè, ó tì í sọ̀ kalẹ̀. Ìgbà tó fi dé, wọ́n ti bo sàréè. Oòrùn mú, òkú ò lè dúró mọ́, àbúrò rẹ̀ ló da erùpẹ̀ àkọ́kọ́ tó yẹ kí àkọ́bí dà. Wọ́n ní ńṣe ni Bàámi bu tirẹ̀ lé orí èyí tí wọ́n ti dà, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún ọ́ìlì títí dé ìgbọ̀nwọ́. Màámi ló sọ gbogbo rẹ̀ fún mi. Bàámi fúnra rẹ̀ ò sọ ọ́ rí. Àmọ́ bó bá ti gbọ́ pé ẹ́ńjìnnì ẹnì kan kú sọ́nà, á dìde kúrò níbi tí wọ́n ti ń sọ ọ́.

Iṣẹ́ kan wà tí Bàámi ò lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, ìyẹn pípààrọ̀ kọ́ńtáàtì, nítorí àlàfo tín-ín-rín tí ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní, ó ní ìwọ̀n. Àáfáà Sálíù ló ń bá a ṣe é. Ọmọ Ìlọrin gan-an ni, láti agboolé àwọn oníkéwú. Á kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú láàárọ̀, á wá máa tún alùpùpù ṣe títí di ìrọ̀lẹ́ lábẹ́ igi máńgòrò kan lọ́nà Ọ̀fà Gáréèjì. Bàámi á gbé alùpùpù àti kọ́ńtáàtì tuntun sílẹ̀ fún un, á fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́, á sì padà wá gbé e lẹ́yìn ìrun àsárì, kì í sì í ṣí ibẹ̀ wò mọ́. Àlòkù tí wọ́n bá yọ, ó ní kí Àáfáà fi ṣe tirẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó ń yà á lẹ́nu ni pé Àáfáà kì í gba owó iṣẹ́ lórí irú èyí. Á ní, “Ẹ máa lọ, Bàbá Fúnmi. Mi ò ṣe nǹkan kan.” Bàámi kà á sí ìwà ìrẹ̀lẹ̀.

Lọ́dún tí mo parí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ilé ìwé gírámà àwọn obìnrin kan lójú ọ̀nà Jẹ́bbà pè mí fún íńtáfíù. Èmi nìkan ni wọ́n pè ní kíláàsì wa. Mo ti lá àlá aṣọ ilé ìwé náà débi pé mo mọ bí kọ́là rẹ̀ ṣe rí. Màámi ní ká lọ wọ ọkọ̀ ní gáréèjì. Bàámi wò ó bí ẹni tí wọ́n bú. Ṣebí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ kọ́ńtáàtì ni? Ó ní, “Alùpùpù yìí ò ní já ọmọ mi sílẹ̀.” A gbéra ní àfẹ̀mọ́jú, mo di ẹ̀yìn rẹ̀ mú, òórùn ọṣẹ àti pẹtiróòlù ń ti ara ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wá, inú mi sì ń dùn bí inú ẹni tó ń lọ sílé ọkọ.

A ti jìnnà sílùú nígbà tí ẹ́ńjìnnì wúkọ́. Ó tún wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó dákẹ́. Àárín igi òrí ni, kò sí ilé kankan nítòsí. Bàámi ò tètè sọ̀ kalẹ̀. Ó jókòó síbẹ̀, ọwọ́ méjèèjì wà níbi tó ti ń dì í mú, bí ẹni tó ti mọ̀. Nígbà tó wá ṣí i, kọ́ńtáàtì àtijọ́ ló bá níbẹ̀. Ojú rẹ̀ ti jó, sípíríǹgì rẹ̀ ti já, àpá ibi tí òun fúnra rẹ̀ ti fi fáìlì fá a nígbà kan ṣì wà lára rẹ̀. Ó ní, “Èyí tí mo ní kí wọ́n yọ nìyí.” Kì í ṣe èmi ló ń bá sọ̀rọ̀. Lọ́rì ń kọjá, iṣu kún inú wọn fọ́fọ́, wọn ò dúró. Oòrùn ti gun òkè kí ọ̀kan tó ṣàánú wa.

Àwọn ọmọ tó kù ti ń jáde bọ̀ nígbà tí a dé. Obìnrin kan lẹ́nu géètì ní, “Bàbá, ẹ pẹ́. A ti parí.” Bàámi bẹ̀ ẹ́. Mi ò tíì gbọ́ ẹ̀bẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Bó ṣe ń bẹ̀bẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo dúró sí, mo sì rí i pé ó kó ọwọ́ dúdú rẹ̀ méjèèjì pa mọ́ sẹ́yìn kí obìnrin náà má bàa rí i. Inú lọ́rì tó gbé wa padà ni mo ti sunkún, mo sì sun ún dé Ìlọrin.

Lọ́jọ́ kejì, a jọ lọ sọ́dọ̀ Àáfáà. Bàámi fi kọ́ńtáàtì tó já lé e lọ́wọ́. Mo rò pé Àáfáà á sẹ́ ni, tàbí kó sá. Ó wo irin náà, ó wọ inú ṣọ́ọ̀bù lọ, ó gbé agolo mílíìkì ńlá kan jáde. Gbogbo ohun tuntun tí Bàámi ti ń gbé fún un ló wà níbẹ̀, ó fi gíríìsì pa wọ́n lára, ó fi bébà wé wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

“Àmánà yín rèé, Bàbá Fúnmi. Wàláì, mi ò ta ẹyọ kan níbẹ̀. Èyí tí ń bẹ nínú máṣíìnì yín ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ wá ní kí n yọ ọ́ sọ nù. Isiráfù ni, ìnákúnàá ni, Ọlọ́run ò fẹ́ ẹ. Mo ní kí n bá yín tọ́jú tuntun, ọjọ́ tí tibẹ̀ bá kú, kí n fi sí i.”

Bàámi ní, “Ọjọ́ tó kú ńkọ́, Àáfáà, níbo lẹ wà?” Ó wá sọ ọ̀rọ̀ sàréè Ọ̀mù-Àrán fún un, lábẹ́ igi máńgòrò níbẹ̀, lójú mi. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Àáfáà ṣí fìlà. Ojú rẹ̀ pọ́n.

“Ẹ ò sọ fún mi,” ó wí. “Ẹ kàn ní ká pààrọ̀ ẹ̀ ni. Ẹ ò sọ pé bàbá yín ló wà nídìí ẹ̀.”

Bàámi jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ní kí wọ́n fún òun lómi mu. Mi ò tíì rí i kó rẹ̀ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí, àní bó bá ti gáà dé.

Gbogbo wa rò pé á wá mẹkáníìkì mìíràn. Kò wá. Ó bi Màámi pé ta ni òun tún máa rí ní Ìlọrin tó máa gbé ohun tuntun òun sínú agolo láì tà á. Ohun tó yí padà ni pé láti ọjọ́ náà lọ, á gbàyè níbi iṣẹ́, á jókòó ti Àáfáà, á ní, “Ẹ yọ ọ́ lójú mi.” Èmi wọ ilé ìwé mìíràn lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Kò dára tó ti àkọ́kọ́, n kò ní parọ́. Ó pẹ́ tí mo fi ń bínú sí àwọn méjèèjì, ọ̀kan torí pé kò fẹ́ kí nǹkan gbó, èkejì torí pé kò fẹ́ sọ ohun tó gbó nù.

Mo ti dàgbà ju Bàámi ìgbà náà lọ báyìí. Orúnkún ń dùn mí, mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, Kàdúná ni mò ń gbé. Kí n tó rìnrìn àjò wálé, mo gbọ́dọ̀ gbé mọ́tò mi lọ kí wọ́n pààrọ̀ bẹ́líìtì àti plọ́ọ̀gì. Àwọn ọmọ tó ń tún un ṣe á ní, “Mọ́mì, kò tíì bàjẹ́ o.” Màá ní mo mọ̀, kí wọ́n yọ ọ́ lójú mi. Àwọn ọmọ tèmi ń fi mí rẹ́rìn-ín, ẹnu tí mo fi rẹ́rìn-ín nígbà náà gan-an ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi. Ọmọdé tó bi bàbá rẹ̀ pé kí ló dé tó fi ń sin ohun tí kò tíì kú, ó gbà pé ohun tó ń ṣiṣẹ́ lónìí á ṣiṣẹ́ lọ́la. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ mọ́, ó sì ti sú mi láti máa ṣọ́ gbogbo nǹkan.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n pè mí pé Bàámi ti lọ, mọ́tò mi ò nílò ohunkóhun. Mo gba ọ̀nà Jẹ́bbà, mo kọjá láàárín àwọn igi òrí, n kò dẹsẹ̀ dúró. Mo dé Ọ̀mù-Àrán, sàréè ṣì ṣí sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n pe àkọ́bí, mo na ọwọ́ mi síwájú, mo kọ́kọ́ wò ó kí n tó bu erùpẹ̀. Ó mọ́.