Ìjàkadì Ọmọ Ọmọ Mi àti Àwáwí Àwa Òǹwòran

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ọ̀fà, kò sí ọmọkùnrin àdúgbò wa tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò kan ilẹ̀ rí. Bí a bá ti oko dé, tí oòrùn sì ti rọlẹ̀, orí iyanrìn ẹ̀yìn ilé la ti máa ń wọ̀yá ìjà. Ọmọ ilé kejì kan wà tó máa ń gbé mi ṣánlẹ̀ bí ẹni sọ ẹrù igi kalẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá dá mi ni mo máa ń rí nǹkan wí. Lónìí, okùn ṣòkòtò mi ló tú. Lọ́la, iyanrìn ló kó sí mi lójú. Ìyá mi àgbà á ní, "Àìlèjà là ń wí pé ojúde baba mi ò dé ìhín. Lọ wẹ̀, kí o wá jẹun." Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà yé mi nígbà yẹn. Ẹ̀yin ọmọ mi, kò tíì yé mi rárá. Toronto níbí ló ti wá yé mi, lẹ́yìn tí gbogbo orí mi ti funfun.

Ọmọ ọmọ mi obìnrin ló fà á. Nígbà tó wọ yunifásítì, tó ní ìjàkadì lòun fẹ́ máa ṣe fún ilé ẹ̀kọ́ wọn, ìyá rẹ̀ figbe ta. Ní tèmi, inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi. Láti ìgbà náà, ibi yòówù kí wọ́n ti jà, mo wà níbẹ̀. Màá wa ọkọ̀ láti ilé mi ní Pickering, yìnyín ìbáà máa bọ́.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan ní Brooklin, ìlú tí kò jìnnà sí tiwa, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ Ìbàdàn. Ṣọ́ọ̀ṣì ló ń lọ, mọ́ṣáláṣí lèmi ń lọ, ìyẹn ò sì dá wàhálà kankan sílẹ̀ láàárín wa rí. Ìjàkadì ló ń dá a sílẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ tí ọmọ ọmọ tirẹ̀ ń lọ ni wọ́n máa ń bá tiwa figa gbága. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ kì í jà o, ìwé rẹ̀ ló ń kà, ṣùgbọ́n baba àgbà rẹ̀ ń pariwo ju gbogbo èrò lọ. Ilé ẹ̀kọ́ wọn ní ọmọbìnrin kan, onírun pupa, tó yára bí ológbò. Lọ́dún tó kọjá, ó dá ọmọ wa. Mo ní rẹfirí ò ríran. Mo tún ní bàtà ọmọ wa ló yọ̀. Títí òtútù fi tán ni ọ̀rẹ́ mi ń pè mí lórí fóònù láàárọ̀: "Alhaji, ẹ ti ra bàtà míì?"

Lọ́dún yìí, àwọn ọmọ náà tún pàdé. Mo lọ gbé ọ̀rẹ́ mi nílé, a jọ gba òpópónà 401 lọ, à ń ṣẹ̀fẹ̀. Nígbà tí wọ́n bọ́ sórí ẹní ńlá tí wọ́n ń jà lé lórí, wọ́n ti ara wọn síwá, wọ́n ti ara wọn sẹ́yìn, gbogbo èrò dìde. Àfi bí ọmọ wa ṣe bẹ̀rẹ̀ wẹ́rẹ́, ó gbá ẹsẹ̀ onírun pupa mú, ó yí i po, ó sì tẹ èjìká rẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀. Rẹfirí fọwọ́ lu ẹní, pàá! Ó parí. Mo fò sókè bí ẹni tí orókún kò dùn rí.

"Ara ọmọ yẹn ò yá," ọ̀rẹ́ mi wí. "Mo gbọ́ tó ń wúkọ́."

"Ikọ́ wo? Ṣé ikọ́ ló gbé e ṣánlẹ̀ ni?"

"Rẹfirí náà ti yá jù. Ó dà bíi pé ẹ ti rí i tẹ́lẹ̀."

Ìyẹn dùn mí. "Tíṣà, ṣé òjóró lẹ ń sọ pé a ṣe?"

"Ohun tí mo rí ni mo sọ."

Ó gbé kóòtù rẹ̀, ó ní ọkọ̀ ojú irin lòun máa wọ̀ lọ sílé. Mo ní kó máa lọ. Ọkùnrin tó jókòó tì mí lójoojúmọ́ nígbà tí ìyàwó mi kú, mo wo ẹ̀yìn rẹ̀ bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, n kò sì pè é.

Kò tíì dé ẹnu ọ̀nà tí ọmọ ọmọ mi fi pàdé rẹ̀. Ó gbọ́wọ́ lé èjìká onírun pupa, àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín. "Uncle, where are you going?" Ó fà á lọ́wọ́ padà wá bá mi. "Grandpa, ẹ jọ̀ọ́, Brooklin lòun náà ń gbé. Can we drop her?"

Ta ló máa sọ pé rárá? Àwa àgbà méjì jókòó síwájú, a ò wo ojú ara wa. Nígbà tó yá, ọ̀rẹ́ mi yíjú sẹ́yìn, ó fi Gẹ̀ẹ́sì bi onírun pupa bóyá ikọ́ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Ọmọ náà ní ikọ́ kọ́, omi ló pá òun lórí.

"She got me clean, sir," ó wí, pé ọmọ wa dá òun láìsí òjóró. "I left my leg right there."

Ló bá ní kí ọmọ wa fi bó ṣe mú ẹsẹ̀ náà han òun. Wọ́n dìmọ́ra lórí àga ẹ̀yìn, ọkọ̀ ń mì jìgìjìgì. Ọ̀rẹ́ mi wò mí.

"Alhaji, àwọn tó jà ń ṣeré. Àwa tí a jókòó la fẹ́ para wa."

Ẹ̀rín pa mí débi pé díẹ̀ ló kù kí n ré ọ̀nà tó yẹ kí a yà sí kọjá. Ó ní kí n má bínú, ẹnu òun ló yọ̀. Mo ní kí òun náà má bínú, kò yẹ kí n jẹ́ kó lọ.

Ayé ti yí, ẹ̀yin ọmọ mi. Nígbà tiwa, ẹ̀gbẹ́ agbo ni obìnrin ń dúró sí, yóò máa pàtẹ́wọ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nígbà tiwa náà, àgbà ló ń pẹ̀tù sí ìjà ọmọdé. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, àwọn ọmọbìnrin méjì ló pẹ̀tù sí tiwa, wọn ò sì mọ̀ pé àwọn ṣe nǹkan kan. Oorun ni wọ́n ń sùn nígbà tí a dé Brooklin, wọ́n forí ti ara wọn. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n rọra wakọ̀.