Kútẹ́ẹ̀sì Lára Ẹja Onígi

Nígbà tí a dé láti ilé ìwòsàn, àpò aṣọ ọmọ ni ọkọ mi kọ́kọ́ gbé wọlé. Ó gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, níbi tí ojú mi ò ti ní tètè tó o, kó tó padà wá dì mí mú kí n lè sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́. Ọmọbìnrin ni mo bí. Ó mí díẹ̀, ó sì dákẹ́. Kí n tó lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, ọkọ mi àti àlùfáà àdúgbò ti gbé e lọ sin, nítorí àwa Mùsùlùmí kì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀. Mi ò rí ojú rẹ̀ dáadáa. Ohun tí mo rántí ni ẹ̀yìn nọ́ọ̀sì kan, tó gbé nǹkan tí wọ́n fi aṣọ wé kọjá lọ́dọ̀ mi.

Ajégúnlẹ̀ là ń gbé, nínú ilé tí yàrá kọjú sí yàrá. Màmá mi ti wá láti Ìsẹ́yìn kí n tó bímọ. Wọ́n gbé òrí, ọṣẹ dúdú àti kàn-ìn-kàn-ìn tuntun wá láti fi wẹ ọmọ. Nígbà tí wọn ò rí ọmọ wẹ̀, èmi ni wọ́n ń wẹ̀. Láràárọ̀, wọ́n á gbé omi gbígbóná kalẹ̀, wọ́n á ki aṣọ bọ̀ ọ́, wọ́n á fi máa tẹ̀ mí níkùn. Ó yẹ kó máa ta mí. Mò ń gbọ́ bí omi ṣe ń kán, mò ń rí bí ọwọ́ wọn ṣe pọ́n, ṣùgbọ́n ó dà bíi pé ara ẹlòmíràn ni wọ́n ń tẹ̀. Nígbà tí omi ọmú yọ, wọ́n fi ọ̀já gbà mí láyà. Àwọn èèyàn wá kí wa, wọ́n ní Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò. Mò ń ṣe àmín bí ọmọ iléèwé tí tíṣà pe orúkọ rẹ̀.

Iṣẹ́ èékánná ni mò ń ṣe. Mo máa ń lẹ èékánná fún àwọn obìnrin, mo máa ń kun kútẹ́ẹ̀sì fún wọn, nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí mo háyà. Nígbà tí oyún wúwo ni mo ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, mo sì kó àpótí kútẹ́ẹ̀sì mi wálé. Àwọn oníbàárà ń pè mí lórí fóònù. Mo máa ń wò ó títí á fi dákẹ́.

Wẹ́dà ni ọkọ mi, ní ọgbà kan tí wọ́n ti ń tún kọ̀nténà ṣe ní Àpápá. Bọ̀ọ̀dá ni mò ń pè é láti ìgbà tí a ti ń fẹ́ra wa sọ́nà, mi ò sì yí i padà lẹ́yìn tí a ṣe yìgì. Tẹ́lẹ̀, tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, ó máa ń ròyìn gbogbo ìjà tí àwọn dírẹ́bà tírélà jà lẹ́nu géètì. Lẹ́yìn ọmọ náà, á kàn kí Màmá, á jẹun, á sì kọjú sí ògiri sùn. Èmi náà á kọjú sí ògiri kejì. A ò bára wa jà. Kò sí nǹkan kan láàárín wa tó tó ìjà.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó mú pákó kékeré kan wálé, tó yọ lára àwọn igi tí wọ́n máa ń to ẹrù lé. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ. Màmá wò ó títí, wọ́n sì pè mí sínú yàrá.

"Kí ni ọkọ rẹ ń gbẹ́?"

"Mi ò mọ̀, Màmá."

"Lọ bi í. Tó bá jẹ́ ère ni, kò gbọdọ̀ wọ inú ilé yìí."

Mo lọ bi í. Kò gbójú sókè.

"Ẹja ni," ó ní.

"Ẹja kẹ̀?"

"Ẹja irọ́. Wọ́n á so ìwọ̀ mọ́ ọn, wọ́n á jù ú sómi, wọ́n á máa fà á. Ẹja gidi á rò pé oúnjẹ ni."

Ó ní bàbá Ìlàjẹ kan tó ń pẹja ní jẹ́tì àtijọ́ kan lẹ́yìn ibi iṣẹ́ àwọn ló fi hàn òun, pé òun máa ń lọ jókòó tì í tí wọ́n bá sinmi lọ́sàn-án. Mi ò mọ̀ pé ó máa ń lọ jókòó sétí omi. Mo padà lọ sọ fún Màmá pé ẹja ni. Wọ́n ní ó dáa, wọ́n sì ń já ewé ẹ̀fọ́ wọn lọ.

Ó gbẹ́ ẹ tán, ó fi sáńdípépà ha á títí ó fi ń dán. Ó wá ń wá ibi tó máa ti dán an wò. Báfù kan ṣoṣo tó fẹ̀ tó o nínú ilé ni èyí tí a rà fún ọmọ. Ó dúró níwájú rẹ̀ díẹ̀, ó wojú mi. Ó gbé e, ó bu omi sí i, ó fi ẹja náà lé orí omi. Ẹja náà yí, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ó fi ìka gbé e nàró. Ó tún yí. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró yí báfù ọmọ ká, à ń wo pákó tó sùn sórí omi.

Màmá ló sọ̀rọ̀. "Inú rẹ̀ fúyẹ́ jù. Ki nǹkan bọ̀ ọ́ níkùn."

Lọ́jọ́ kejì, ó tọrọ òjé lọ́wọ́ fọkanáísà, irú èyí tí wọ́n máa ń kàn mọ́ etí rọ́ọ̀mù táyà kí ọkọ̀ má baà máa gbọ̀n. Ó dá ihò sí ikùn ẹja náà, ó yọ́ òjé nínú agolo mílíìkì, ó dà á sínú ihò. Nígbà tó tún gbé e sómi, ó dúró ṣánṣán. Ó wá ku ètè. Ó ní láìsí ètè, kò ní mi ara rẹ̀ tí wọ́n bá ń fà á. Ó gé ọ̀kan lára ìdérí ike kọ́sítáàdì, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lẹ́nu, ó so okùn mọ́ ọn, ó lọ ń fà á nínú dúrọ́ọ̀mù omi tó wà láàárín ọgbà. Ó fà á láìmọye ìgbà. Á yọ ọ́, á fi síṣọ́ọ̀sì gé díẹ̀ kúrò lára ètè, á tún fà á. Obìnrin ará Délítà tó ń gbé ní yàrá òdìkejì wa jáde wá dá ọwọ́ lé ìbàdí.

"Bọ̀dá, wetin you dey find inside drum?"

"Fish," ó dáhùn.

"Fish dey inside drum?"

"E never enter."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi náà fẹ́ẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo rí i láti ojú fèrèsé, mo sì mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí mo ti rí eyín rẹ̀ kẹ́yìn. Mo mọ̀ ọ́n bí èèyàn ṣe máa ń mọ̀ pé òjò ti dá. Mo padà lọ dùbúlẹ̀.

Ọ̀dà ló wá dà á láàmú. Ó kọ́kọ́ fi ọ̀dà kọ̀nténà kùn ún. Ọ̀dà náà ki, ó wúwo, ẹja ò sì mi ara mọ́. Ó ha gbogbo rẹ̀ kúrò, ó fi ẹja náà sílẹ̀ lórí tábìlì ní ìhòòhò, ó lọ ń gbẹ́ òmíràn. Bí èyí ṣe wà lórí tábìlì nìyẹn, tí mò ń gbé abọ́ oúnjẹ mi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí Màmá lọ sí ọjà, mo fa àpótí kútẹ́ẹ̀sì jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mi ò lè sọ ìdí rẹ̀. Kì í ṣe pé orí mi wú. Ọwọ́ mi ló kàn ń ṣe é. Mo kun ikùn ẹja náà ní funfun, mo kun ẹ̀yìn rẹ̀ ní àwọ̀ fàdákà. Mo gé àwọ̀n lára àpò àlùbọ́sà, mo tẹ́ ẹ lé e, mo fi fóòmù tẹ kútẹ́ẹ̀sì tó jọ ewé sórí àwọ̀n náà. Nígbà tí mo ṣí i, ìpẹ́ ti wà lára rẹ̀. Mo mú òkúta wẹ́wẹ́ tó ń dán, tí àwọn ìyàwó tuntun máa ń fẹ́ sórí èékánná wọn, mo fi ṣe ojú rẹ̀. Mo fi kútẹ́ẹ̀sì tí kò láwọ̀ bo gbogbo rẹ̀, mo gbé e sábẹ́ iná tí mo fi ń mú èékánná gbẹ. Mo ṣe é bí ẹni ṣe oníbàárà tí kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀.

Nígbà tí ọkọ mi dé, ó mú un, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Ìwọ lo ṣe é?"

"Èmi ni."

"Ó lójú."

"Òkúta èékánná ni."

Ó rọra gbé e padà sábẹ́ iná, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti gbẹ. Lẹ́yìn tó jẹun tán, ó ní, "Mo fẹ́ lọ dán an wò lọ́jọ́ Sunday. Ṣé wàá bá mi lọ?" Mo ní mo gbọ́.

Àwọn tírélà kì í pọ̀ lójú ọ̀nà láàárọ̀ Sunday, kẹ̀kẹ́ gbé wa dé Àpápá láìpẹ́. A gba ẹ̀yìn àwọn táǹkì epo ńláńlá kan dé jẹ́tì náà. Bàbá Ìlàjẹ náà jókòó sórí korobá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, wọ́n wọ fìlà híhun. Bí wọ́n ṣe rí mi, ojú wọn tàn.

"Ìyàwó rẹ rè é? O kú ewu ọmọ o, ìyá ìkókó. Ọkọ rẹ ti sọ fún mi pé oyún ti sún mọ́lé. Kí ló dé tó o ti jáde?"

Mo wo ọkọ mi. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé, gbogbo bó ṣe ń lọ jókòó tì wọ́n lójoojúmọ́, kò sọ fún wọn.

"Ọmọ náà ò dúró, Bàbá," ó ní.

Bàbá ṣí fìlà, wọ́n gbé e lé orúnkún. Wọn ò sọ nǹkan kan nípa Ọlọ́run. Wọ́n fa kúlà ẹja wọn sí apá ọ̀dọ̀ mi. "Jókòó, ọmọ mi. Má wà lórí ìdúró."

Ẹja onígi kejì, èyí tí kò lọ́dà, ni ọkọ mi kọ́kọ́ jù. Ó há sára okùn ọkọ̀ ojú omi kan tó dúró sítòsí, okùn ìwọ̀ já, ó lọ bẹ́ẹ̀. Ó wá so èyí tí mo kùn. Ó jù ú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí okùn wálé. Nígbà tó sún mọ́ wa, a rí i nínú omi, ó ń mi ara síhìn-ín sọ́hùn-ún, ẹ̀yìn rẹ̀ ń kọ mànà.

"Má fà á kíákíá," Bàbá ní. "Fà á, dúró díẹ̀, tún fà á. Ẹja tó fara pa ni kúta máa ń lé."

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ọkọ mi na ọ̀pá ìpẹja náà sí mi. Tòkunbọ̀ ni, ọwọ́ rẹ̀ ti họ. Ó jù ú fún mi, èmi ń fà. Fà á, dúró. Fà á, dúró. Omi náà ní epo lójú. Mi ò wo ojú rẹ̀ nígbà tí mo bi í.

"Níbo lẹ gbé e lọ?"

Kò béèrè ta ni.

"Ibi ìsìnkú àwa Mùsùlùmí. Ẹ̀gbẹ́ ògiri, lápá ọ̀tún tí èèyàn bá wọlé. Àlùfáà ló kírun sí i lára."

"Ta ló gbé e?"

"Èmi ni. Orí itan mi ló wà nínú ọkọ̀ títí a fi débẹ̀. Ó wúwo ju bí mo ṣe rò lọ. Etí rẹ ló ní. Ó ká díẹ̀ lókè bíi tìẹ."

Mo fa okùn, mo dúró.

"Àlùfáà ní kí n sọ ọ́ lórúkọ. Mo sọ ọ́."

"Ó lórúkọ?"

"Ó lórúkọ."

Ó sọ ọ́ fún mi. Mi ò ní kọ ọ́ síbí. Mo gbọ́ ọ, mo sì ń dúró de ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ láyà mi, kò ṣẹlẹ̀. Omi ń gbá igi jẹ́tì. Mo tún fa okùn, nǹkan kan sì fa ọ̀pá mọ́ mi lọ́wọ́ tó fi kù díẹ̀ kó bọ́. Ọkọ mi dì mí mú lẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ lé ọwọ́ mi, Bàbá ń sọ fún wa pé ká jẹ́ kó sáré, ká má bá a jà. A jọ fà á títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Kúta ni, ẹja tẹ́ẹ́rẹ́ eléyín mímú, ó gùn tó apá mi. Bàbá fi púláyà yọ ìwọ̀ lẹ́nu rẹ̀ nítorí eyín. Ó ti bó kútẹ́ẹ̀sì ìdajì ara ẹja wa, igi funfun ti yọ lábẹ́ rẹ̀.

Màmá fi ata sè é lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí obìnrin ará Délítà. Mo jẹ tèmi tán. Wọ́n bi mí bóyá ó dùn, mo ní ó dùn, nítorí mo rí i lójú wọn pé wọ́n ń fẹ́ gbọ́ ọ. Nígbà tó yá, wọ́n kó ẹrù wọn padà sí Ìsẹ́yìn. Wọ́n fi òrí sílẹ̀ fún mi. Mo ṣí ṣọ́ọ̀bù. Oníbàárà kìíní tó wọlé na ọwọ́ sí mi, ó ń sọ ìtàn ìyá ọkọ rẹ̀, mo ń dá a lóhùn níbi tó yẹ.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun, ọkọ mi mú mi lọ sí ibi ìsìnkú náà. A wọlé, a yà sí ọ̀tún, a dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Koríko ti hù, mi ò sì lè mọ ibi tí ilẹ̀ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ júwe rẹ̀ fún mi. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo pe orúkọ náà, kò dún lẹ́nu mi bí orúkọ ọmọ tí mo mọ̀. Mo tún pè é. Ọkọ mi dúró lẹ́yìn mi, ó ń ṣe àdúà sínú. Mi ò sunkún. Ọkùnrin tó ń tọ́jú ibẹ̀ wá bẹ̀ wá pé ká sún díẹ̀, pé àwọn kan ń gbé òkú bọ̀. A sún. A dúró ti àwọn tó gbé òkú wá títí wọ́n fi kírun tán, nítorí kò bójú mu kí a kọjá lọ, lẹ́yìn náà a jáde sí títì, a ra búrẹ́dì, a wọ kẹ̀kẹ́.