Obìnrin Tó Ń Pe Bàbá Dúpẹ́

Mo ti ibi iṣẹ́ dé sílé wa ní Riverdale, lókè òkun níbí, lánàá, mo ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ni mo bá gbọ́ èdè kan nínú pálọ̀ tó ń dún bí ìgbà tí wọ́n bá ń dín ata nínú epo. Ọmọ mi ló ń wo fíìmù ilẹ̀ Poland kan fún class rẹ̀, èyí tí wọ́n ṣe látinú ìwé ìtàn àtijọ́. Mo yọjú wo tẹlifíṣọ̀n. Mo ti wo fíìmù náà rí.

Poland ni bàbá mi ti ń kàwé nígbà tí mo wà ní kékeré, òun ló fi kásẹ́ẹ̀tì fíìmù náà ránṣẹ́ sí wa. Lọ́sàn-án ọjọ́ òjò kan, èmi àti ìyá mi jókòó wò ó, epo àkàrà ṣì wà lọ́wọ́ wa. Nínú fíìmù náà, obìnrin kan tó wọ aṣọ gígùn dúró nínú yìnyín, ó di ìjánu ẹṣin ọkọ rẹ̀ mú.

"Màámi, kí ló ń sọ?"

"Ó ní, 'Bàbá Dúpẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pẹ́ níbẹ̀. Ilé ti tutù jù.'"

Èmi ni Dúpẹ́. Mo ní, "Àwọn náà ní Dúpẹ́?"

"Dúpẹ́ pọ̀ láyé. Máa wo iwájú ẹ."

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé ìyá mi kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú èdè yẹn, àti pé kásẹ́ẹ̀tì náà ni bàbá mi fi ránṣẹ́ sí wa kẹ́yìn.

Nínú fíìmù lọ́jọ́ òjò yẹn, ọkọ obìnrin náà gun ẹṣin, ó tẹ orí wálẹ̀, ó ń bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Kí ló wá fi dá a lóhùn?"

Ìyá mi tẹjú mọ́ ọkùnrin náà títí.

"Kò tíì sọ nǹkan kan," ló wí, bẹ́ẹ̀ ẹnu ọkùnrin náà kò dákẹ́.