Ìpàkọ́ Bọ̀dá Tárì

Èéfín ẹja yíyan ló máa ń jí mi nígbà tí mo wà ní kékeré. Orí òpó la kọ́lé sí lójú omi, nítòsí Abereke. Bí ìyá mi bá ti dáná sábẹ́ ẹja, èéfín á gba àárín pákó wọlé, á wá mi kàn lórí ẹní. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kan, èéfín tí mo gbọ́ òórùn rẹ̀ kì í ṣe ti ẹja. Òrùlé ni, àti pákó, àti àwọ̀n tó ń jó. Ìyá mi dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo òdìkejì odò. Ìjà odò ti dé.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà létí omi, ẹ ó rántí pé ara kì í balẹ̀ nígbà náà. A ó di ẹrù, a ó tú u, a ó tún un dì. Bí ẹja bá ta pọ́ún lábẹ́ ilé, gbogbo wa á nà tántán. Òkun pàápàá kò gbé jẹ́ẹ́. Ó jẹ ilé ìdáná wa láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó dá ìkòkò ọbẹ̀ padà nírọ̀lẹ́, iyọ̀ inú rẹ̀ sì ti tó. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó lọ bi òkun.

Bọ̀dá Tárì ń gbé lọ́dọ̀ wa. Ọmọ òdìkejì odò ni, ọmọ àwọn tí à ń bá jà, ṣùgbọ́n ó ti ń bá bàbá mi pẹja kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀. Bàbá mi lọ bá Baálẹ̀, ó ní òun dúró fún un, Baálẹ̀ sì gbà. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣọ́ odò kò gbà tọkàntọkàn. Wọ́n ń wá ohun tí wọn ó rí dì mú.

Bí a ṣe ń jókòó nínú ọkọ̀ rèé: Bọ̀dá Tárì níwájú, bàbá mi ní ìdí ọkọ̀, èmi láàárín, mo doríkodò, mò ń gbọ́n omi dànù. Ẹ mọ̀ pé àwọn tó ń tukọ̀ kì í kọjú síra wọn. Ẹni iwájú ń wo omi, ẹni ẹ̀yìn ń wo ìpàkọ́ ẹni iwájú. Ìpàkọ́ yẹn ni bàbá mi ń wò láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú.

Lọ́dún tó ṣáájú ìjà, ọkùnrin kan gbé ẹ̀rọ sinimá dé láti Èkó. Ẹ̀fọn ìlú wa gbé fìlà rẹ̀ lọ sí Araromi, kò padà rí i títí ó fi lọ. Ó ní ìtàn apẹja méjì lòun fẹ́ yà, ó sì fẹ́ kí bàbá mi àti Bọ̀dá Tárì kọjú síra wọn nínú ọkọ̀. Bàbá mi rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀gá, ta ni yóò wá wo ọ̀nà?"

Ọkùnrin náà gbà kí wọ́n jókòó bí ìṣe wọn, ló bá ní kí èmi bọ́ sílẹ̀, pé orí mi tó tó agbè ń dí òun lójú. Mo bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìbínú. Wọ́n tukọ̀ lọ, wọ́n tukọ̀ bọ̀, ó yà wọ́n, ó dúpẹ́, ó lọ.

Inú ìjà ni a wà nígbà tó fi sinimá náà ránṣẹ́. Ẹnikẹ́ni kì í jáde lóru, nítorí náà Tíṣà wa, ọmọ òkè tí kò mọ̀wẹ̀, tó máa ń fi orúnkún gun afárá pákó, fi ẹní dí fèrèsé ilé ìwé lọ́sàn-án gangan. A ta ìgbòkun mọ́ ògiri. Ẹni tó gbé ẹ̀rọ wá sọ fún wa pé wọ́n ń tìtorí sinimá yìí bú ara wọn nínú ìwé ìròyìn ní Èkó. Àwọn kan ní kí wọ́n dáná sun ún, nítorí ọkùnrin méjì tó ń fẹ́ ara wọn ló wà nínú rẹ̀. Kíá ni ilé ìwé kún.

A ń retí ìjà, a kò rí ìjà. Ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ nínú sinimá náà. Omi ń ṣàn, ó ń ṣàn, títí bàbá àgbà kan fi béèrè bóyá ẹ̀rọ ti kú. Ìgbà náà ni ojú bàbá mi kún gbogbo ìgbòkun. Òógùn kan yọ ní ìpàkọ́ Bọ̀dá Tárì, ó ń ṣàn lọ sí ẹ̀yìn rẹ̀, ojú bàbá mi sì ń bá a lọ, bí ìgbà tí ẹni tó ti pẹ́ lórí òkun bá rí omi tí kò níyọ̀. Abẹ̀bẹ̀ ọwọ́ ìyá mi dúró. Ẹnìkan pòṣé. Ẹlòmíràn rẹ́rìn-ín.

Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti pe bàbá mi àti Bọ̀dá Tárì síwájú Baálẹ̀. Olórí àwọn ọ̀dọ́ ní kí bàbá mi wí fún ìlú, ṣé apẹja ló ní nínú ọkọ̀ ni àbí aya. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín gan-an. Baálẹ̀ fẹ́ràn bàbá mi, ó wá ọ̀nà àbáyọ fún un.

"Ìwọ sáà sọ pé onísinimá yẹn ló kọ́ ọ ní ìwòkuwò yẹn. Sọ bẹ́ẹ̀, kí gbogbo wa lọ jẹun, kí Tárì máa bá ọ gbé."

Irọ́ náà ti wà lẹ́nu èmi gan-an, ǹ bá tètè yá bàbá mi. Bàbá mi dá a lóhùn.

"Ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi, Baálẹ̀. Bí mo ṣe ń wò ó nìyẹn."

Wọ́n ní kí Bọ̀dá Tárì kúrò kí oòrùn tó yọ lọ́jọ́ kejì, kí bàbá mi sin ín dé ibi igi ẹ̀gbà tó wà láàárín odò, kí àwọn èèyàn rẹ̀ wá gbà á níbẹ̀, kí bàbá mi sì padà.

Iná ẹja ìyá mi kò kú títí ilẹ̀ fi mọ́. Ó di ẹja tó dára jù sínú apẹ̀rẹ̀ fún Bọ̀dá Tárì. Aládùúgbò wa kan wá bi í bóyá orí rẹ̀ pé. Ó dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó fi ń bá wa wí nígbàkúùgbà tí a bá ń fi ẹlòmíràn ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ló ń bá wa rí tiwa." Lẹ́yìn náà ló ní ẹni tó jẹun nílé òun kò ní í ti ibẹ̀ kó ebi lọ.

Mo mú igbá omi mi, mo fẹ́ bọ́ sáàárín ọkọ̀ bí ìṣe mi. Bàbá mi ní, "Dúró, ọmọ mi. Lónìí, dúró." Bọ̀dá Tárì wọlé síwájú, ó gbé àjẹ̀ sílẹ̀, ó yí padà. Ó kọ ẹ̀yìn sí odò, àti ìgbì, àti ìbọn ẹnikẹ́ni tó lè wà níbẹ̀, ó kọjú sí bàbá mi. Bàbá mi nìkan ló tukọ̀. Báyẹn ni wọ́n ṣe lọ títí ìkùukùu fi bò wọ́n.

Bàbá mi nìkan ló padà dé kí ọ̀sán tó pọ́n. Láti ìgbà náà, èmi ni mo ń jókòó níwájú. Mo máa ń mọ̀ ọ́n lára pé ojú rẹ̀ ń gba orí mi kọjá.

Mo ti dàgbà ju bàbá mi ìgbà yẹn lọ. Ẹ̀ńjìnnì ló ń gbé ọkọ̀ mi báyìí, àwọn ọmọ ọmọ mi sì ní kò sí irú irọ́ tí n kò lè pa. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Bàbá mi kò lè pa ẹyọ kan, níbi tí ẹyọ kan ṣoṣo ì bá ti gbà á. Mo fẹ́ ìyàwó mẹ́ta láyé mi, gbogbo wọn ló jókòó níwájú ọkọ̀ mi rí. Ọ̀nà ni gbogbo wọn ń wò.