Àlàáfíà Ilé Tí Kò Lórùlé

Ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé ni ọjọ́ tí ìjọba rán ọ̀gá kan wá wo ohun tí ìjì bàjẹ́ nílé wa ní Ìlobù. Ìjì ti ṣí gbogbo páànù wa lọ.

Ọ̀gá dúró nínú pálọ̀ wa, oòrùn ń pa á lórí. "Ẹ kú ewu o, mà. Ṣé àlàáfíà ni?"

Ìyá mi kúnlẹ̀. "Àlàáfíà ni, sà. A dúpẹ́."

Ta ni wọ́n máa kí, tí yóò ní kò sí àlàáfíà? Ọ̀gá, ọlọ́pọlọ pípé, bá gbé fóònù sétí: "Ilé yìí ò ní ìṣòro."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ wòkè."

Màámi pariwo mọ́ mi: "Aláìlẹ́kọ̀ọ́!"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó kọrí sí Ìfọ́n, níbi tí àlàáfíà mìíràn ti ń dúró dè é. Nírọ̀lẹ́, òjò dé, ó rọ̀ sórí àlàáfíà wa dáadáa.