Bí A Ṣe Wá Ohùn Màmá Kiri Ilé Géèmù

“Àǹtí, ṣé ẹ̀yin ni Ìyá Fáìlì?”

Géńdé ọkùnrin kan ló dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ mi ní Ẹ̀gbẹ́dá, ó di láptọ́ọ̀pù mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ. Mo ní èmi ni, kó wọlé, kó ṣáà má fọwọ́ kan wáyà kankan. Dàpọ̀ lorúkọ rẹ̀, láti Ìṣẹ̀rí-Olófin ló ti wá. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ló sọ mí ní Ìyá Fáìlì, kò sì dùn mí. Ìyá tó bí mi gan-an ò tíì mọ iṣẹ́ mi. Bí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì bá bi wọ́n, wọ́n á ní, “Ó ń bá wọn tọ́jú nǹkan kan nínú kọ̀ǹpútà ṣá.”

Ẹ jẹ́ n là á yé yín. Ilé iṣẹ́ kan á ṣe géèmù jáde. Ẹni tó fẹ́ràn géèmù náà á tú inú rẹ̀, á wọ aṣọ tuntun fún àwọn agbábọ́ọ̀lù, á fi ohùn ẹlòmíì síbẹ̀. Mọ́ọ̀dù là ń pe irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀. Torí pé ìfẹ́ lásán ni wọ́n fi ń ṣe é, kì í pẹ́ sọnù. Èmi ni mo máa ń wá a rí, tí mo máa ń gbé e sí ibi ìpamọ́ wa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Òfin wa kò ju ọ̀kan lọ: bó o bá ṣe bá a, bẹ́ẹ̀ ni kó o ṣe tọ́jú ẹ̀. Bó dọ̀tí, gbé e pẹ̀lú ìdọ̀tí ẹ̀.

Mọ́ọ̀dù ti Dàpọ̀ yìí, ẹ̀rín ni. Nígbà tó wà nílé ìwé, ó mú ìyá àgbà tó tọ́ ọ dàgbà, ó ní kí wọ́n máa wo géèmù bọ́ọ̀lù, kí wọ́n máa sọ ohun tí wọ́n bá rí, ó sì ń gba ohùn wọn sílẹ̀. Màmá ò mọ nǹkan kan nípa bọ́ọ̀lù! Bí agbábọ́ọ̀lù bá ṣubú, wọ́n á ní, “Yéè! Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ẹ gbé e dìde, àbí ẹ ò láàánú ni?” Bí bọ́ọ̀lù bá wọ àwọ̀n, wọ́n á pariwo, “Ta ló tún ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀?” Àwọn onílé géèmù ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún ara wọn, débi pé ilé géèmù tí wọn ò ti gbá a ní gbogbo agbègbè wa ò pọ̀.

“Àìsàn ọ̀fun ti gba ohùn wọn,” Dàpọ̀ wí. “Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn, ara wọn ti yá, àmọ́ wọn ò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Mi ò ní ohùn wọn níbòmíì, Àǹtí. Inú láptọ́ọ̀pù yìí nìkan ni.”

Mo tú láptọ́ọ̀pù. Omi òjò ti bà á jẹ́ kọjá àtúnṣe. Nígbà tí mo sọ fún un, omi lé ròrò sójú ẹ̀, àánú ẹ̀ sì ṣe mí. Mo ní kó dìde, ká lọ wá ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn onílé géèmù.

Ẹ mọ àwọn ènìyàn wa yẹn. Bí wọ́n bá ti ṣe ẹ̀dà géèmù tán, ara ò ní rọ̀ wọ́n àfi kí wọ́n ki ìpolówó tiwọn bọ inú ẹ̀, kí ẹni tó bá tún gbà á lè mọ ibi tó ti wá. A kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ Wàsíù ní Ìgàndò. Ó tan géèmù. Agbábọ́ọ̀lù kan ṣubú, a na etí, àfi gbàǹgbà: “Wàsíù Géèmù, bàbá gbogbo wọn! Ẹ wá o!”

Inú bí mi. “Wàsíù, níbo lo gbé ohùn ìyá oníyàá sí?”

“Ẹ má bínú jàre, Ìyá Fáìlì. Ṣé kí ọjà tèmi má tà ni?”

Dàpọ̀ ò tiẹ̀ fẹ́ gbọ́ ìyókù mọ́. Ó ní ká máa lọ. Òfin ni òfin ṣá, mo gbé ẹ̀dà Wàsíù pẹ̀lú ariwo inú ẹ̀.

Ní Ìkòtún, obìnrin kan tó ń jẹ́ Ìyá Tóyìn ló nílé géèmù. A tan tiẹ̀ náà. Agbábọ́ọ̀lù ṣubú. “Yéè! Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi…” Dàpọ̀ fò sókè, ó dì mọ́ Ìyá Tóyìn tí kò mọ̀ rí! Ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i, bọ́ọ̀lù wọ àwọ̀n, ìpolówó Ìyá Tóyìn bú jáde níbẹ̀. Ojú Dàpọ̀ tún rẹ̀wẹ̀sì. Èmi ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín ní tèmi.

“Dàpọ̀, ibi tí bọ́ọ̀lù ti ń wọ àwọ̀n ni Ìyá Tóyìn bò. Ibi tí wọ́n ti ń ṣubú ni Wàsíù bò. Ìyókù wà nínú ẹ̀dà Wàsíù tí mo gbé.”

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí, àṣé fáìlì náà bẹ́ẹ̀ ni. A so méjèèjì pọ̀, ohùn Màmá pé. Mo gbé e sí ibi ìpamọ́, mo sì tọ́jú ẹ̀dà Wàsíù àti ti Ìyá Tóyìn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ pẹ̀lú ìpolówó wọn, torí ìtàn làwọn náà.

Ní ọjọ́ Àìkú, a lọ sí Ìṣẹ̀rí-Olófin. Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, wọn ò tíì bọ́ sùtánà funfun. Dàpọ̀ tan géèmù lórí kọ̀ǹpútà tí mo gbé dání. Nígbà tí ohùn ara wọn jáde, Màmá fọwọ́ bo ẹnu, èjìká wọn wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni, ẹ̀rín tí kò lóhùn, tí omijé ń dà pẹ̀lú ẹ̀.

Dàpọ̀ gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Kọ̀ǹpútà pariwo, “Ta ló tún ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀?”

Màmá yíjú sí mi, wọ́n na ìka sí ẹnu ọ̀nà. Àṣé mi ò ti ilẹ̀kùn nígbà tí mo wọlé.

“Ẹ má bínú, Mà,” mo wí. Mo dìde, mo lọ tì í.